Igi Japan Kò Lè Rí Oorun Sùn ní Òkè-Ìlèwó

Ẹni tó bá ti rí àwòrán igi mépù Japan lórí fóònù kì í gbàgbé rẹ̀ bọ̀rọ̀. Igi àgbà ni lójú, ṣùgbọ́n kò ga ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ. Ewé rẹ̀ pupa yòò, ó la ìka bí àtẹ́lẹwọ́ ọmọ ọwọ́. Bonsai ni wọ́n ń pe irú igi inú àwo bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí àwọn ará àdúgbò ti ń rí bonsai tèmi níwájú ilé ni wọ́n ti ń bi mí níbi tí wọ́n ti lè ra hóró mépù. Mo máa ń ní kí wọ́n fowó wọn sápò. Àwọn kan tilẹ̀ ń ta hóró mépù aláwọ̀ búlúù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bẹ́ẹ̀ ni kò sí irú igi bẹ́ẹ̀ láyé.

Mépù kò lè pẹ́ láyé ní Abẹ́òkúta níbí, ṣùgbọ́n ilẹ̀ wa kọ́ ló burú. Mépù máa ń sùn ni. Lọ́dọọdún, á wọ́wé, á sì sinmi fún oṣù bíi méjì sí mẹ́ta nínú òtútù tí kò tó ìwọ̀n Sẹ́ńtígíréèdì 7. Òtútù yẹn ló ń jẹ́ kó rúwé dáadáa nígbà tó bá jí. Ọyẹ́ tiwa, bó ti wù kó mú tó, kò débẹ̀. Igi tí kò bá ti sùn, á máa rẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí á fi kú, oòrùn á sì ti jó etí ewé rẹ̀ kó tó dìgbà náà. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ká máa gbé e sí fíríìjì. Pẹ̀lú iná wa yìí?

Ọdán ni èmi ń tọ́, igi tí àwọn baba wa ń gbìn sójú ọjà fún ibòji. Mi ò rà á. Ẹyẹ ló su hóró rẹ̀ sára fẹ́ǹsì kan lẹ́yìn ilé, ó sì hù láàrin búlọ́ọ̀kù méjì. Onífẹ́ǹsì fẹ́ gé e dànù kí ògiri rẹ̀ má baà là. Mo ní kó fi ta mí lọ́rẹ. Búlọ́ọ̀kù ti tẹ ìdí rẹ̀ fẹ̀, ohun tí mo sì ń wá gan-an nìyẹn, nítorí ìdí tó fẹ̀ ló ń mú igi kékeré jọ àgbà. Mo gé gbòǹgbò tó lọ tààrà, mo gbìn ín sínú abọ́ rọ́bà tí mo dá ihò sí nísàlẹ̀, pẹ̀lú òkúta wẹ́wẹ́ láti kúárì, yanrìn, àti àfọ́kù ìkòkò tí mo gún. Ilẹ̀dú nìkan á dá omi dúró, gbòǹgbò á jẹrà.

Nígbà tí ìdí rẹ̀ ki tán, ó ku kí n tún un ṣe. Ẹ̀ka ti kún un ṣùù, igi méjì ló yọ láti ìdí kan, wọ́n sì ga bákan náà. Mo gbé e ka tábìlì, mo ń yí i kiri, mo ń wá ojú rẹ̀: ibi tí ìdí ti fẹ̀ jù lọ, tí àpá kò sì ti hàn. Mo wá fi ayùn gé èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù dànù. Oje funfun tú jáde, mo ń fín omi sí i títí ó fi dá. Ọmọkùnrin tó bá mi gbé òkúta wá dúró, ó ń wò mí.

“Bàbá, ṣé ẹ ò fẹ́ kó dàgbà ni?”

Mo ní ó ti dàgbà. Gíga la ò fẹ́.

Wáyà ló kàn. Ọwọ́ àwọn oníná ni mo ti ń ra kọ́pà; mo bó rọ́bà ara rẹ̀, mo sì fi í sínú iná èédú kó lè rọ̀. Kó nípọn tó ìdá kan nínú mẹ́ta ẹ̀ka tí a fẹ́ tẹ̀. A ó lọ́ ọ mọ́ ẹ̀ka, kò ní fún jù, kò ní dẹ̀ jù, ká tó wá fi àtàǹpàkò méjèèjì rọra tẹ ẹ̀ka wálẹ̀, nítorí ọjọ́ orí máa ń fa ẹ̀ka igi àgbà sílẹ̀ ni. Ibí yìí ni ìwé àwọn ará Japan kò ti ràn wá lọ́wọ́. Igi tó ń sùn ni wọ́n kọ ọ́ fún; wáyà lè pẹ́ lára rẹ̀. Ọdán kì í sùn. Lásìkò òjò, láàrin ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wáyà á ti máa jẹ ẹ́ lára, àpá náà kì í sì í tètè lọ. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ má sì tú wáyà náà. Ẹ fi pínsà gé e kúrò ní wẹ́wẹ́.

Tí ewé bá tóbi jù, ẹ gé gbogbo rẹ̀, kí ẹ fi ọ̀pá ewé sílẹ̀. Èyí tó máa hù padà á kéré. Igi tó lágbára ni mo ń wí o. Gbòǹgbò ní tirẹ̀, ìbẹ̀rẹ̀ òjò la ń gé e.

Àwọn kan ní ìyà la fi ń jẹ igi. Ẹni tó bá ti gun Olúmọ ti rí igi tó ń gbé inú pàlàpálá àpáta, kò sì sẹ́ni tó ń bomi rin ín. Bonsai páínì funfun kan wà ní Washington tó ti wà lábẹ́ ìtọ́jú láti 1625, ọdún márùnlérúgba kí Ṣódẹkẹ́ àti àwọn Ẹ̀gbá tó tẹ Abẹ́òkúta dó ní 1830. Ìdílé Yamaki ló ni ín ní Hiroshima. Bọ́ǹbù ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ ọdún 1945 bá a nílé wọn, odi ló gbà á là. Wọ́n fi ta Amẹ́ríkà lọ́rẹ ní 1976, ọdún tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀, ó sì ń rúwé títí dòní.

Ẹ̀gbẹ́ òsì ọdán tèmi ṣì ṣófo. Bí ẹ̀ka kò bá yọ níbẹ̀ kí òjò tó dá, màá lu ihò sí i lára, màá ki ọ̀kan nínú ẹ̀ka rẹ̀ tó gùn gba inú ihò náà kọjá. Bó bá ti ń sanra, á so mọ́ ara igi, màá sì wá gé e kúrò lẹ́yìn níbi tó ti wá. Báyìí náà ni wọ́n ń ṣe mépù.