Igi Tí A Gbìn, Ṣé Ó Yè?

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà, àwọn ará Lómè àti gbogbo Tógò a máa gbin igi. Ọdún 1977 ni ìjọba ti ya ọjọ́ náà sọ́tọ̀. Ní báyìí, ìjọba fẹ́ kí igi tí a gbìn pé bílíọ̀nù kan ní ọdún 2030.

Ṣùgbọ́n gbígbìn nìkan kò tó. Láti oṣù kọkànlá ni ọ̀gbẹlẹ̀ ti ń mú ní Lómè. Igi kékeré tí a kò bomi rin yóò gbẹ. Èyí tí a kò ṣọgbà yí ká, ewúrẹ́ yóò jẹ ẹ́.

Ìdí nìyí tí iṣẹ́ àwọn olùyọ̀ǹda ara-ẹni tí ń padà lọ wo igi fi ṣe pàtàkì. Wọn a ka èyí tó yè àti èyí tó kú. Bí òjò bá padà dé, wọn a gbin òmíràn dípò èyí tó kú.

Ní ọdún 1977 kan náà, Wangari Maathai dá ẹgbẹ́ Green Belt sílẹ̀ ní Kẹ́ńyà. Ẹgbẹ́ náà ń fún àwọn obìnrin tó ń gbin igi ní owó díẹ̀. Igi tó yè ni wọ́n ń san owó lé lórí.

Ẹni tó gbin igi tí kò padà wò ó, ihò lásán ló gbẹ́.