Atẹ́gùn Ló Ń Gba Omi Lára Koríko

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ẹran ni mo gbé wá lọ́tẹ̀ yìí. Láti Aiyetoro dé Imeko, ta ni kò mọ ìjà tó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí koríko bá tán, tí màlúù wọ oko ẹ̀gẹ́ olóko? Ní 2021, ẹ̀mí ṣòfò ní Eggua. Ọdún yẹn náà ni ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn ṣòfin pé kí wọ́n má da ẹran kiri mọ́. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ẹran tó dúró sójú kan, kí ni yóò jẹ ní oṣù kejì?

Koríko gbígbẹ ni. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ìgbà òjò ni koríko dáa jù, tó ṣì rọ̀, tí kò tíì yọ òdòdó. Nígbà tí ọyẹ́ bá fi dé, eèsún ti le bí igi. Tí a bá sì sá a sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nígbà òjò, ó máa bu, koríko tó bu sì lè ba oyún jẹ́ lára abo ẹran.

Òjò kì í jẹ́ kí àwọn àgbẹ̀ Switzerland àti Austria náà rímú mí. Wọ́n á kó koríko sínú abà, wọ́n á fi fáànù ńlá fẹ́ atẹ́gùn sí i láti ìsàlẹ̀. Abẹ́ páànù ni àwọn mìíràn ti ń fa atẹ́gùn náà wá, níbi tí oòrùn ti mú un gbóná lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá ti sùn lábẹ́ páànù Aiyetoro lọ́sàn-án mọ ohun tí mò ń sọ.

Ẹ rántí Physics. Atẹ́gùn tó kún àpótí tó jẹ́ mítà kan níbùú, lóròó àti ní gíga lè gba omi gíráàmù 23 ní 25°C. Tó bá gbóná dé 35°C, ó lè gba bíi 40.

Ṣé kí a kàn fi iná mànàmáná yan án ni? Mo ṣírò ẹ̀. Nínú koríko tútù kílò 100, omi bíi kílò 76 gbọ́dọ̀ jáde kó tó ṣeé tọ́jú. Ìyẹn tó iná áyọ́ọ̀nù 1,000 wáàtì fún bíi wákàtí 50! Fáànù tábìlì ò tó 100 wáàtì, torí kì í ṣe òun ló ń se omi; ooru inú atẹ́gùn ló ń ṣiṣẹ́ yẹn, fáànù kàn ń gbé e kọjá ni.

Nílé wa, ọparun la fi ṣe pẹpẹ tó ga dé orúnkún, lábẹ́ páànù tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì ṣí sílẹ̀. Ìyá àgbà mi, tó ń ṣe láfún, ló ní kí a má tò ó nípọn. Ewé ẹ̀pà ní tiẹ̀, òwúrọ̀ ni kí ẹ yí i. Lọ́sàn-án, ewé á já dànù, ewé yẹn gan-an sì ni oúnjẹ.

Tílẹ̀ bá ṣú, ẹ pa fáànù, ẹ fi tapólì bo ẹ̀gbẹ́, kí ìrì má dá omi padà. Àfi tí ẹ bá ki ọwọ́ bọ inú koríko tó sì ń gbóná. Ìyẹn ò lè dúró dàárọ̀, ẹ tú u ká lójú ẹsẹ̀. Irú ooru bẹ́ẹ̀ ti jó abà rí.

Kí ẹ tó dì í, ẹ fi èékánná tẹ oríkèé rẹ̀ wò. Ewé lè ti gbẹ kí oríkèé ṣì tutù. Oríkèé ni kí ẹ gbà gbọ́.