Ta Ló Ń Sanwó Ìròyìn Tí À Ń Gbọ́?

Àìrí-àyè-fèsì ló bí amóhùnmáwòrán àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ní 1953, nígbà tí awuyewuye lórí òmìnira gbóná janjan, Gómìnà John Macpherson gorí rédíò ìjọba, ó bu ẹnu àtẹ́ lu àwọn mínísítà Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, olórí ẹgbẹ́ náà tó ń ṣàkóso Ìwọ̀ Oòrùn, ní kí wọ́n jẹ́ kí òun náà fèsì lórí rédíò kan náà, wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ò tán nínú ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn. Nígbà tí òfin 1954 gba ẹkùn kọ̀ọ̀kan láyè láti ní ilé iṣẹ́ tirẹ̀, wọ́n bá Overseas Rediffusion ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì da owó pọ̀, amóhùnmáwòrán WNTV sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá, 1959. Owó ìlú, tí owó kòkó àwọn àgbẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀, ni ìjọba kó lé e lórí, owó náà ò sì ṣòfò.

Àmọ́ ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ yí sí. Ní oṣù Kẹwàá 1965, lẹ́yìn ìbò tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pariwo pé màgòmágó ni, Olóyè Ládòkè Akíntọ́lá, olórí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn, ti ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú téèpù kí rédíò ilé iṣẹ́ náà gbé e sáfẹ́fẹ́. Ọkùnrin kan wọlé tìbọn-tìbọn, ó ní kí àwọn òṣìṣẹ́ yọ téèpù náà, kí wọ́n fi tòun sí i. Ohùn tó jáde ní kí olórí ìjọba fi ipò sílẹ̀, kó kúrò nílùú. Wọ́n gbé Wọlé Ṣóyínká lọ sílé ẹjọ́ lórí rẹ̀, Adájọ́ Káyọ̀dé Ẹ̀ṣọ́ sì dá a sílẹ̀. Ilé tí wọ́n kọ́ torí wọ́n di alátakò lẹ́nu ti wá di ilé tí alátakò ń fi ìbọn wọ̀ kó tó rí ọ̀rọ̀ sọ. Owó ìlú fúnra rẹ̀ ò lẹ́bi. Àléébù ibẹ̀ ni pé ọwọ́ ẹnì kan ló ń gbà jáde, ẹni náà sì lè dì í mú nígbà tó bá wù ú.

Ìwé ìròyìn náà ò bọ́ nínú rẹ̀. Ìjọba Akíntọ́lá dá Daily Sketch sílẹ̀ ní 1964, nígbà tí Tribune Awólọ́wọ̀ ti wà láti 1949. Ní 1975, ìjọba àpapọ̀ gba ìdá 60 nínú 100 Daily Times. Nígbà tí Concord, ìwé ìròyìn aládàáni, dé ní 1980, tí The Guardian tẹ̀ lé e ní 1983, ọ̀pọ̀ òǹkàwé yà síbẹ̀.

Àwọn kan á ní ó tán, kí ìjọba kó ọwọ́ rẹ̀ kúrò, kí ọjà máa bọ́ akọ̀ròyìn. Ó dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ṣí ìwé ìròyìn aládàáni lọ́jọ́ ìbí gómìnà: odidi ojú ewé kan, gómìnà nínú agbádá, orúkọ kọmíṣọ́nà nísàlẹ̀, ẹ kú oríire. Àpò ìlú náà ni owó rẹ̀ sábà ti ń wá. Olóòtú tó ń retí irú ìpolówó bẹ́ẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀, tó sì jẹ àwọn akọ̀ròyìn rẹ̀ lówó oṣù, kò dìgbà tí ẹnikẹ́ni bá pè é kó tó mọ ìròyìn tó yẹ kó fi pamọ́ sójú ewé ẹ̀yìn.

Ọ̀nà mìíràn ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà. Ní 1922 ni àwọn onírédíò bẹ̀rẹ̀ sí í san owó láísẹ́ǹsì, àṣẹ ọba ti 1927 sì fún BBC ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀. Ẹ lè ní ìjọba ṣì ń fún un lọ́rùn. Òótọ́ ni: ní oṣù Kìíní 2022, ìjọba Boris Johnson ní owó láísẹ́ǹsì amóhùnmáwòrán kò ní kọjá £159 fún ọdún méjì. BBC Yorùbá tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kejì 2018 pàápàá, owó tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kéde nínú ètò ààbò rẹ̀ ní 2015 ló gbé e dìde. Àǹfààní ara wọn ni wọ́n ń wá. Síbẹ̀, gbogbo ayé ló mọ iye owó náà àti ẹni tó dín in kù, wọ́n sì lè bá a fà á lójú gbogbo ènìyàn. Àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ wa náà lè ṣòfin kan: kí a máa fọwọ́ sí owó ilé iṣẹ́ ìròyìn ìpínlẹ̀ fún ọdún márùn-ún lẹ́ẹ̀kan, kó lè kọjá sáà gómìnà kan, kí gómìnà má lè dá yọ alága rẹ̀, kí gbogbo kọ́bọ̀ tí ìjọba bá sì fi polówó nínú ìwé ìròyìn aládàáni hàn sójú táyé, iye rẹ̀, ẹni tó gbà á, àti ìdí tí wọ́n fi fún un.