Orin Tó Dé Sórí Fóònù Wa: Ta Ló Ni Ín?



Nígbà tí Iléyá kan ń súnmọ́, a fi orin wákà kan ránṣẹ́ sí gúrúùpù WhatsApp àdúgbò wa. Orúkọ ọmọkùnrin kan tó máa ń bá àwọn ènìyàn fi orin sínú mẹ́mórì létí ọjà ló wà lára rẹ̀. A kò wádìí. Lọ́jọ́ kejì, obìnrin kan pè wá: “Àáfà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ohùn tèmi lẹ ń gbọ́ yẹn. Ẹni tẹ́ ẹ kọ orúkọ rẹ̀ yẹn, mi ò mọ̀ ọ́n rí.” Ojú tì wá. A tọrọ àforíjì, a sì tún orúkọ náà ṣe.

Báwo ni orúkọ ṣe ń sọnù? Àyè wà nínú fáìlì MP3 tí wọ́n máa ń kọ orúkọ olórin, àkọlé àti ọdún sí. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kọ̀ǹpútà lè pa á rẹ́, kó kọ tirẹ̀ sí i. WhatsApp náà a máa yí orúkọ fáìlì padà: orin tó ní orúkọ tẹ́lẹ̀ á di AUD, pẹ̀lú ọjọ́ àti nọ́ńbà. Bí a bá fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi document, orúkọ rẹ̀ kì í yí.

Àwa tá a lọ sí ilé kéú mọ isnādi. Ẹni tó bá gba hadith wá gbọ́dọ̀ sọ ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sì fi ẹni tó ń fi ohun tí wọn kò fún un ṣe fáàrí wé ẹni tó wọ aṣọ irọ́ méjì. Bukhari àti Muslim ló gbà á wá. (Ọ̀rọ̀ bóyá ìlù tọ́ tàbí kò tọ́, àwọn onímọ̀ ń jiyàn lé e lórí, a kò débẹ̀ lónìí.)

Àmọ́ àwọn kan rò pé bí àwọn bá ti dárúkọ olórin, ọ̀rọ̀ ti parí. Rárá o. Ọ̀tọ̀ ni orúkọ, ọ̀tọ̀ ni àṣẹ. Ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ fíkíhì àgbáyé tó jókòó ní Kuwait lọ́dún 1988 sọ pé Sharia dáàbò bo ẹ̀tọ́ ẹni tó ṣe iṣẹ́ ọpọlọ, kò sì sí ẹni tó gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ lójú. Òfin Nàìjíríà ti ọdún 2022 náà fún oníṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ pé kí wọ́n dárúkọ rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n gba àṣẹ kí wọ́n tó ṣe ẹ̀dà iṣẹ́ rẹ̀ pín káàkiri.

Àwọn oníṣẹ́ kan ti fúnni láṣẹ ṣáájú. Bí ẹ bá rí Creative Commons lára orin, tí wọ́n kọ BY sí i, ẹ lè pín in, ṣùgbọ́n ẹ dárúkọ onítọ̀hún. Bí NC bá wà níbẹ̀, ẹ má fi pa owó. Bí orin bá sì wà lójú ìwé YouTube olórin fúnra rẹ̀, líǹkì ni ká fi ránṣẹ́, kí iye àwọn tó gbọ́ ọ lè máa hàn síbẹ̀, kí owó tó bá wà níbẹ̀ sì dé ọwọ́ rẹ̀.

A padà lọ bá ọmọkùnrin onímẹ́mórì yẹn. Ó ní kò sí oníbàárà tó béèrè orúkọ olórin lọ́wọ́ òun rí.