Ọdẹ Tó Fi Kámẹ́rà Rọ́pò Ìbọn

Inú ọgbà ẹranko ni wọ́n ti ya púpọ̀ nínú àwòrán ẹranko tó kọ́kọ́ lókìkí, kì í ṣe inú igbó. Ní ọdún 1852, wọ́n ya Obaysch, erinmi tí wọ́n gbé láti Íjíbítì wá sí ọgbà ẹranko London, níbi tó sùn gbalaja sí. Láàárín 1863 sí 1870, ọgbà yìí kan náà ni wọ́n ti ya quagga, ìbátan kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abìlà tó ti Gúúsù Áfíríkà wá. Abo kan ṣoṣo ni, àwòrán márùn-ún péré ni wọ́n sì mọ̀ pé wọ́n yà á. Quagga tó kẹ́yìn láyé kú sí Amsterdam ní 1883. Ó dunni pé àwọn àwòrán márùn-ún yẹn nìkan ni kámẹ́rà rí gbà sílẹ̀ nígbà tí irú ẹranko náà ṣì wà láàyè.

Ìdí tí wọn kò fi wọgbó kò ṣòro láti mọ̀. Gíláàsì tí wọ́n ń ya àwòrán sí gbọ́dọ̀ tutù nígbà tí wọ́n bá ń lò ó, wọ́n sì gbọ́dọ̀ fọ̀ ọ́ nínú òkùnkùn lójú ẹsẹ̀. Ta ló fẹ́ ru irú ẹrù bẹ́ẹ̀ tọ ẹran tó ń sáré lẹ́yìn? Ìgbà tí gíláàsì gbígbẹ dé ni ẹrù fúyẹ́. Ní 1887, àwọn ará Jámánì méjì, Miethe àti Gaedicke, po ìyẹ̀fun magnesium tó máa ń bù yẹ̀rì bí iná bá kàn án. Òru náà wá di àkókò iṣẹ́.

Ẹni tó mú àǹfààní yìí lò jù ni George Shiras Kẹta, agbẹjọ́rò ará Pennsylvania ní Amẹ́ríkà. Ọdẹ ni láti kékeré. Ní agbègbè Marquette ní Michigan, ó mọ ọ̀nà tí àwọn Ojibwe, ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀, fi ń ṣọdẹ lóru. Wọ́n á tan iná sínú àwo irin níwájú ọkọ̀ ojú omi, ẹnì kan á máa rọra fi àjẹ̀ tu ọkọ̀ lẹ́yìn, ọdẹ á jókòó níwájú. Àgbọ̀nrín tó wá mumi á tẹjú mọ́ iná náà, ojú rẹ̀ á máa dán nínú òkùnkùn; ibẹ̀ ni ọdẹ á dojú ìbọn kọ. Ọdẹ òru ilẹ̀ Yorùbá tó ń de iná mọ́ iwájú orí kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bèèrè bí èyí ṣe ń ṣiṣẹ́.

Láti nǹkan bí 1889, Shiras kò yí ọkọ̀ padà, kò yí àkókò padà. Ìbọn ló gbé kúrò, tó fi kámẹ́rà sí ipò rẹ̀. Ìyẹ̀fun á bú gbàù, etí omi á mọ́lẹ̀ kedere, àgbọ̀nrín á fò fẹ̀rẹ̀. Ẹran sá lọ láàyè, ohun tí Shiras ń fẹ́ sì ti wà lórí gíláàsì.

Nígbà tó yá, kò tilẹ̀ dúró níbẹ̀ mọ́. Ó ta okùn dábùú ojú ọ̀nà ẹranko, ó fi oúnjẹ dẹ ẹ́. Bí ẹranko bá ti fa okùn, iná á bù, kámẹ́rà á ṣí: ẹranko ti ya ara rẹ̀ nìyẹn. Pàkúté tí kì í pa ẹran ni.

Ní oṣù Keje 1906, ìwé ìròyìn National Geographic tẹ àwòrán rẹ̀ 74 jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Méjì nínú ìgbìmọ̀ olùdarí fi ipò sílẹ̀; wọ́n ní ìwé náà ti ń di ìwé àwòrán lásán. Wọn kò ríran jìnnà.

Shiras kò fi mọ sórí àwòrán. Ó wà ní Ilé Aṣòfin Amẹ́ríkà láti 1903 sí 1905, ó sì gbé àbá òfin kalẹ̀ ní 1904 pé kí ìjọba àpapọ̀ dáàbò bo àwọn ẹyẹ tó ń ṣí láti ibì kan dé ibòmíràn. Àbá náà kò kọjá nígbà ayé rẹ̀ nílé aṣòfin, àmọ́ òfin bẹ́ẹ̀ jáde ní 1913, èyí tó lágbára jù ú lọ sì tẹ̀ lé e ní 1918.

Okùn Shiras ti di ẹ̀rọ tó ń mọ ìgbà tí ohun abẹ̀mí bá kọjá. Irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ tí wọ́n so mọ́ igi lórí àwọn òkè Mbe ní ìpínlẹ̀ Cross River ló ya ọ̀wọ́ ìnàkí tòun tọmọ ní 2020, bẹ́ẹ̀ irú ìnàkí tó ń gbé agbègbè yẹn kò ju nǹkan bí 300 lọ láyé. Nílẹ̀ Yorùbá náà, erin ṣì wà nínú igbó Ọmọ ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Kí ìjọba so kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ sí igbó náà lọ́pọ̀ yanturu, kí wọ́n sì gba àwọn ọdẹ tó mọ ipa ẹsẹ̀ ẹranko síṣẹ́, kí wọ́n máa sanwó fún wọn lóṣooṣù.