Ṣé o mọ̀? Awọ ewúrẹ́ Ṣókótó àti ọwọ́ ẹni tó ń fi kẹ̀kẹ́ gun òkè

Ewúrẹ́ pupa, irú èyí tí wọ́n ń tà ní Kasuwar Kara, ọjà ẹran ìlú Ṣókótó, ní awọ tó gbayì ju ẹran rẹ̀ lọ. Láyé àtijọ́, ràkúnmí ló ń gbé irú awọ yìí la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá dé Mòrókò. Ibẹ̀ làwọn òyìnbó ti ń rà á, ni wọ́n bá ń pè é ní awọ Mòrókò. Ó dùn mí pé orúkọ Ṣókótó kò bá a débẹ̀.

Èso igi tí àwọn Haúsá ń pè ní bagaruwa ni àwọn oníṣẹ́ awọ fi ń ṣe awọ náà. Oje rẹ̀ á wọ inú awọ, kò ní í jẹ́ kó jẹrà.

Awọ ewúrẹ́ fẹ́lẹ́, ó sì lágbára. Ìyẹn ló fi yẹ ìbọ̀wọ́ ẹni tó ń fi kẹ̀kẹ́ gun òkè olókùúta, eré ìdárayá tó wọ Òlíńpíìkì lọ́dún 1996. Bí kẹ̀kẹ́ bá ń gbọ̀n, àtẹ́lẹwọ́ ló ń jìyà. Bí òógùn bá rin ìbọ̀wọ́ náà, abẹ́ ibòji ni kí o sá a sí. Oòrùn Ṣókótó, tí ooru rẹ̀ máa ń kọjá ìwọ̀n 40 lóṣù Kẹrin, yóò sọ ọ́ di líle bíi pákó.