Ẹlẹ́lọ̀ọ́ Nínú Àwòrán Orí Bàbà: Àpẹẹrẹ Láti Bẹ́ljíọ̀mù

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀ a di odidi. Àwọn ayàwòrán náà a máa sọ àbọ̀ ọ̀rọ̀. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ó yẹ iṣẹ́ ayàwòrán Bẹ́ljíọ̀mù méjì wò, láti fi hàn bí ẹlẹ́lọ̀ọ́ ṣe lè gùn títí tí yóò fi gba odidi iṣẹ́ kan.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí: ayàwòrán yóò fi ìda bo bàbà pẹlẹbẹ, yóò fi abẹ́rẹ́ ya àwòrán sára ìda náà, ásíìdì yóò sì jẹ ibi tí abẹ́rẹ́ là. Wọn yóò fi tàdáwà kún ojú ìlà wọ̀nyí, wọn yóò sì fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Bàbà kan ṣoṣo lè tipa bẹ́ẹ̀ bí ọ̀pọ̀ àwòrán.

Félicien Rops, tí a bí ní Namur ní 1833, ya irú rẹ̀ síwájú ìwé ewì Charles Baudelaire, *Les Épaves*, ní 1866. Igi tí ó jẹ́ eegun òkú ènìyàn ni ó dúró láàrin. Ejò wé mọ́ ọn ní ìbàdí. Ewéko hù sí ìdí rẹ̀. Bí a bá so wọ́n pọ̀, igi ọgbà Édẹ́nì ni, ìṣubú ọmọ ènìyàn sì ni. Àwọn ewéko náà dúró fún olórí ẹ̀ṣẹ̀ méje tí ìjọ Kátólíìkì ń kà. Àlàyé tí a tẹ̀ sínú ìwé náà sọ bẹ́ẹ̀.

Nínú iṣẹ́ James Ensor ti Ostend, tí ó ṣe ní 1896, Ikú ń fò lókè òpópó tí èrò kún fọ́fọ́, ó mú dòjé gígùn lọ́wọ́. Ìfohunpènìyàn nìyí. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá pe dòjé yìí ní ohun ìjà lásán kò tí ì dé ìdí ọ̀rọ̀. Irinṣẹ́ tí àgbẹ̀ Yúróòpù fi ń kórè àlìkámà ni. Olùkórè ni Ikú. Ọkà tí ó gbó ni èrò. Àkọlé iṣẹ́ náà sì tún pe àwọn ènìyàn ní agbo ẹran tí Ikú ń lé.

Ohun méjì ni a rí dì mú. Èkínní, àmì kan ṣoṣo kò tó. Ìsopọ̀ wọn ni ìtumọ̀ wà. Èkejì, inú ìgbésí ayé àwọn tí ó ni iṣẹ́ ni àmì ti ń gba agbára.

Ìlànà kan náà ni ó yẹ kí á fi ka ewì Yorùbá. Àwa olùkọ́ ni a jẹ̀bi: a ń jẹ́ kí àwọn ọmọ há orúkọ ọnà èdè sórí. Ẹni tí ó kọ "ẹlẹ́lọ̀ọ́ ni" tí ó sì dákẹ́, orúkọ ni ó mọ̀. Ẹni tí ó sọ ohun tí a fi wé ohun, àti ìdí rẹ̀, ni ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Èrò tiwa ni pé ẹni kejì yìí ni kí á máa fún ní máàkì tí ó pọ̀ jù.